Ọjọ́ tí mo dá lọ wo òkun

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni ọjọ́ Sátidé tí mo lọ wo òkun, tí mo fi Táyé, ìkejì mi, sílẹ̀ ní Igbó-Ọrà.

Àwa méjèèjì la jọ pète ìrìn àjò náà. Bí a bá ń gbin ẹ̀gẹ́ lóko, a ó máa ka àwọn ìlú etí òkun tí a fẹ́ dé, láti Àgbádárìgì títí dé Lẹ́kí. Màámi ra ṣòkòtò péńpé méjì tó jọra fún wa, nítorí wọn kì í ra ẹyọ kan fún ìbejì.

Nígbà tó yá, àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n fẹ́ gbé ọkọ̀ lọ sí etí òkun lọ́jọ́ Sátidé ní àyè ẹnì kan ló kù nínú ọkọ̀. Mo parọ́ fún Táyé pé a ò lọ mọ́. Ó ní, "Kò burú. Òkun ò ní gbẹ."

Láàárọ̀ Sátidé, bí ọkọ̀ ṣe fẹ́ gbéra, Táyé sáré dé gáréèjì pẹ̀lú ṣòkòtò tirẹ̀ lọ́wọ́. "Màámi rí ọ tóo gbé báàgì jáde. Wọ́n ní kí n tètè bá ọ."

Ọ̀rẹ́ mi kan ní, "Ìbejì, ṣé orí itan ara yín lẹ máa jókòó sí ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Táyé wò mí títí. Ó gba ojú fèrèsé ju ṣòkòtò náà sí mi lẹ́sẹ̀. "Mú un dání. Bí tìrẹ bá tutù, wàá rí òmíràn wọ̀."

Mo ti bẹ̀ ẹ́, ó ní òun ò bínú. A ṣì jọ ń lọ sóko. Ṣùgbọ́n kò tíì bi mí léèrè rí bí òkun ṣe rí.