Ẹyọ Ọṣẹ Kẹfà

Gbogbo ilé iṣẹ́ ọṣẹ náà ló ń pè é ní Àbúrò, torí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọ̀hún dà? Ó kó sí yàrá, kò jáde mọ́. Wọ́n ti sọ ọ́ lólè, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sì ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Alábòójútó wọn tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín ló fa gbogbo rẹ̀. Ẹ wo ọkùnrin yẹn! Eyín funfun, inú dúdú bí ìdí ìkòkò.

Márùn-ún ni ẹ̀rọ wọn ń já ọṣẹ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò lé, kò dín. Ṣùgbọ́n mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n ń dì í: ẹyọ mẹ́fà, ìdì kan, ìdì mẹ́fà, páálí kan. Tí iṣẹ́ bá parí, Màmá tó ni ilé iṣẹ́ á ní kí wọ́n ro iye páálí, iye ìdì àti ẹyọ tó ṣẹ́ kù pọ̀. Tí àròpọ̀ náà bá ṣeé pín sí márùn-ún láìṣẹ́kù, ọṣẹ pé nìyẹn, kóńkó jabele, kálukú máa lọ ilé rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ló là á yé Àbúrò. "Yọ márùn-ún nínú ìdì, ó ku ẹyọ kan. Máa yọ márùn-ún-márùn-ún nínú páálí, ẹyọ kan náà ló máa kù. Ìyẹn la fi ń ka ìdì sí ení, tí a ń ka páálí sí ení. Àmọ́ ẹni tó bá jí márùn-ún géérégé, ìṣirò yẹn ò lè rí i."

Ẹlẹ́rìn-ín mọ̀ bẹ́ẹ̀. Márùn-ún ló máa ń sọ sínú àpò oúnjẹ rẹ̀. Ọjọ́ tí Ẹ̀gbọ́n ká a mọ́ ọn, kó tó lanu, aláìníláárí yìí ti ju ẹyọ kan sínú báàgì Ẹ̀gbọ́n. Ìṣirò wọ́, wọ́n tú báàgì, wọ́n lé e. Bó ṣe ń sunkún, Ẹlẹ́rìn-ín ní, "Ẹ má gbọ́ ẹkún olè."

Àbúrò lè lọ sọ fún Màmá. Ó kọ̀! Sísọ ò tó o. Ó wáṣẹ́ síbẹ̀, ó ń kí Ẹlẹ́rìn-ín tìdọ̀bálẹ̀-tìdọ̀bálẹ̀ bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ni, ó sì ń ṣọ́ àpò oúnjẹ yẹn. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè.

Lọ́jọ́ kan, kí wọ́n tó di ọṣẹ tó kẹ́yìn, Ẹlẹ́rìn-ín ti kó márùn-ún tirẹ̀, ó lọ fọwọ́. Àbúrò mú ẹyọ kan, ó kì í bọ abẹ́ abọ́ tó wà nínú àpò oúnjẹ Ẹlẹ́rìn-ín.

"Páálí mẹ́tàlá! Ìdì kan! Ẹyọ márùn-ún!" ni àwọn tó ń kà á ké.

Mọ́kàndínlógún, kò ṣeé pín sí márùn-ún. Màmá ní kí wọ́n ti gèètì. Ẹlẹ́rìn-ín ti ń nawọ́ sí báàgì àwọn obìnrin.

Àbúrò dọ̀bálẹ̀. "Màmá, àgbà ló ń kọ́kọ́ tọwọ́ bọ àwo. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ọ̀gá wa."

Màmá dojú àpò oúnjẹ Ẹlẹ́rìn-ín délẹ̀. Ọṣẹ mẹ́fà yí gbirigbiri.

"Irọ́ ni!" Ẹlẹ́rìn-ín figbe ta. "Màmá, márùn-ún péré ni mo mú!"

Nígbà tí ọ̀rọ̀ tó sọ yé òun fúnra rẹ̀, ó wólẹ̀, ẹkún gbọ̀n ọ́n.

"Ta ló wá mú ẹyọ kẹfà?" Màmá béèrè.

"Èmi ni, mà. Bó ṣe fi sínú báàgì ẹ̀gbọ́n mi ni mo ṣe fi sínú tirẹ̀."

Màmá ṣa ẹyọ kan nínú ọṣẹ yẹn, ó nà án sí i. "Mú un lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Sọ pé mo bẹ̀ ẹ́."

"Àbúrò, jọ̀ọ́, bá mi bẹ Màmá," ni Ẹlẹ́rìn-ín ń wí.

"Ẹ má gbọ́ ẹkún olè," ni Àbúrò dá a lóhùn.

Nígbà tó délé, ó ṣí fèrèsé yàrá náà sílẹ̀ gbayawu, ó fi ọṣẹ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ dìde, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wẹ̀, ká jáde."