Àwọn Tó Sàba Ẹyin Ìyá Àwẹ̀ró

Wọ́n ní Marwa, ọmọbìnrin Ìkàrẹ́ tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ti kó èèyàn mọ́kànlá sínú àpótí kan ní Ìwàrò-Ọ̀kà, ó ní kí wọ́n máa sàba ẹyin. Kí ìròyìn náà tó dé Epinmi, wọ́n ti di mẹ́rìndínlógún, ọ̀kan nínú wọn sì ti ń kọ bí àkùkọ. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú irọ́ yìí.

Àpótí ìsàba ni, ti Ìyá Àwẹ̀ró, opó kan níbẹ̀. Àrùn ti pa gbogbo adìẹ rẹ̀. Ọgọ́fà ẹyin inú àpótí náà ló ṣẹ́ kù fún un láyé. Marwa ló kọ ètò tó ń ṣọ́ ooru rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrìnlá, àrá sán, ó jó bọ́ọ̀dù tó jẹ́ ọpọlọ àpótí.

Bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo tí Marwa rí ní Ìkàrẹ́ dàgbà ju ẹni tó tà á lọ, èdè C, èdè àtijọ́ tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, nìkan ló gbọ́. C++ ni Marwa sì fi kọ ètò tirẹ̀. Ọmọ ìyá ni èdè méjèèjì, C ni ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ìwà wọn yàtọ̀. Lọ́dọ̀ àbúrò, ibi tó o ti nílò iṣẹ́ kékeré kan gan-an lo lè kọ ọ́ sí, láìsọ ọ́ lórúkọ. Bó o bá sì ní kó mú ohun tó wà láyìíká rẹ̀ dání, á mú un. Ẹ̀gbọ́n ò gba ìyẹn. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lórúkọ, kó dúró lọ́tọ̀, kó o sì di ẹrù rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Aláìlórúkọ méje ló wà nínú ètò Marwa. Ìyá Àwẹ̀ró gbé ẹyin kan lé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ó ti ń tutù, ọmọ mi."

"Ẹ̀rọ ló kọ̀, mà. Ó ní àfi kí n sọ wọ́n lórúkọ."

"Ṣé o fẹ́ dúró di ọjọ́ kẹjọ, ká wá pe lémọ́mù ni? Fi orúkọ ẹni tójú ẹ bá rí pè wọ́n."

Àwọn aládùúgbò tó kún ojú fèrèsé lojú rẹ̀ rí. Ó kọ Àmúsà sórí èyí tó ń yí ẹyin, Theresa sórí èyí tó ń ṣọ́ ooru, títí ó fi kó méje pé. Ẹ̀rọ gbà. Wọ́n dúpẹ́.

Láìpẹ́, àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ẹyin sísè. Marwa bú sẹ́kún: "Theresa ti ń sè wọ́n."

Theresa aránṣọ, tó dúró lójú fèrèsé pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ojoojúmọ́ láti ìgbà náà ni wọ́n ń bi í léèrè ohun tí ẹyin opó ṣe fún un.

Lọ́jọ́ kejìlélógún, Marwa padà wá, ó dúró níwájú èrò.

"Ẹni méje ni, kì í ṣe mọ́kànlá. Orúkọ yín ló wọ inú àpótí, ẹ̀yin ò wọ̀ ọ́. Òròmọdìẹ mẹ́tàdínlógójì la rí, àwọn yòókù kú. Theresa ò sè wọ́n. Iṣẹ́ tí mo fi orúkọ rẹ̀ pè ni mo ní kó ṣọ́ ooru, mi ò sọ iye tó yẹ kó dá a dúró sí fún un. Àbúrò ì bá mú un dání fúnra rẹ̀. Èmi ni mo gbàgbé pé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ni mo wà."