Orúkọ Rẹ̀ Ni, Ọwọ́ Rẹ̀ Kọ́

Òórùn ẹja ló kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì wa ní Warehouse Road láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni tó pè wá. Kọntéínà ẹja dídì oníbàárà wa kan ti jókòó sínú oòrùn láìsí iná, nítorí pé awakọ̀ tírélà tó yẹ kó wá gbé e ń retí ọjọ́ mìíràn. Ètò orí fóònù tí àwa kọ fún àwọn awakọ̀ ló sọ ọjọ́ yẹn fún un. Ẹnì kan ti yí ìlà kan padà nínú ètò náà: ọjọ́ di oṣù, oṣù di ọjọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Àwa tí a ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní ibi ìpamọ́ kan tí a jọ ń kó iṣẹ́ sí. Àyípadà kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá kó síbẹ̀ là ń pè ní kọ́míìtì, orúkọ ẹni tó ṣe é sì máa ń wà lára rẹ̀. Ẹ̀ka àgbà ni ibi tí iṣẹ́ tó ti parí ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn awakọ̀.

Ọ̀gá Délé tó ni ilé iṣẹ́ náà dúró lẹ́yìn mi, ó fi áńkáṣíìfù bo imú. "Àfáà, wò ó fún mi. Ta ló kọ ìlà yìí?" Àfáà ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀, torí pé ilé-kéú ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé, mi ò sì fi ìrun ṣeré.

Mo wò ó. Orúkọ Efe ló jáde.

Ọmọ Urhobo ni Efe, Ajégúnlẹ̀ la ti jọ dàgbà. Kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà tó o nínú wa. Ó dìde lórí àga rẹ̀.

"Ọ̀gá, no be me o! Ẹ dákun, mi ò fọwọ́ kan ibẹ̀ rí."

"Orúkọ ta wá ni mò ń kà yìí? Ti ìyá mi?"

"Orúkọ mi ni, sà. Ọwọ́ mi kọ́."

"Ẹ gbọ́ ọmọ Ajégúnlẹ̀! Orúkọ rẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ kọ́!"

Mo dá sí i. Mo rán ọ̀gá létí ọjọ́ tí wọ́n kọ ìlà náà, tí iná lọ tí jẹnẹrétọ̀ sì kọ̀, tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà Efe nìkan ni bátìrì rẹ̀ kún. Gbogbo wa la gbà á lò lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ tó sì wà nínú kọ̀ǹpútà ló ń lẹ̀ mọ́ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni tó bá lò ó.

"Àfáà, ṣé ìwọ náà fẹ́ jẹ nínú ẹja náà ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá lé Efe níṣẹ́; kí oòrùn tó wọ̀, ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Títí dòní, kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́ nínú àwa tí a lo kọ̀ǹpútà náà, èmi náà ò sì lè búra pé ọwọ́ mi ò ṣèèṣì kan ibẹ̀.

Bí mo ṣe ń lọ sílé, ìyá mi ló wá sí mi lọ́kàn. Nígbà tó ń ta aṣọ ní ọjà Boundary, tó bá rán èèyàn wá mú nǹkan nílé, ó máa ń fún un ní àmì. "Sọ fún wọn pé àmì ni pé ìkòkò jóná lọ́jọ́ Iléyá." Ẹni tó bá kàn dárúkọ rẹ̀ lásán, ọwọ́ òfo ló ń fi padà. Irú àmì bẹ́ẹ̀ wà nínú iṣẹ́ wa, òǹtẹ̀ ni mo ń pè é. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí ẹnì kan ṣoṣo ní ló ń lù ú sára kọ́míìtì. Mo ti dá a lábàá rí, ọ̀gá ní yóò fa iṣẹ́ sẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kejì, mo pe ọ̀gá wá síwájú kọ̀ǹpútà mi. Lórí ẹ̀ka kan tí kò dé ọ̀dọ̀ awakọ̀ kankan, mo kọ kọ́míìtì kan: "Èmi Délé ni mo ba ẹja jẹ́." Orúkọ rẹ̀ ni mo fi sí i. Ó kà á, ó tún un kà.

"Ta ló fi orúkọ mi kọ ìranù yìí?"

"Orúkọ yín ni, sà," mo fèsì. "Ọwọ́ yín kọ́."

Kò bínú. Ó fa àga, ó jókòó. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ti ẹ̀ka àgbà pa."

Láti ìgbà náà, kọ́míìtì tí kò bá ní òǹtẹ̀, ẹ̀ka àgbà á dá a padà, ìbáà jẹ́ ti ọ̀gá. Àwọn ọmọ iṣẹ́ kọ́kọ́ kùn. "Àfáà, ẹ ti di aṣọ́bodè! Ṣé fàyàwọ́ ni mo kó ni?" Ó ti mọ́ wọn lára báyìí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé orúkọ ẹlòmíràn ò tún bàjẹ́ mọ́.

Ọ̀gá pe Efe, ó bẹ̀ ẹ́ kó padà, ó kọ̀. Èmi náà lọ bá a nílé wọn. Ó fún mi lómi.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò bínú sí yín," ó ní. "Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ọ̀gá gbà á gbọ́. Èmi sọ̀rọ̀, kò gbà mí gbọ́. Ṣé tèmi kì í ṣe ẹnu ni?"

Mo gbé ife sílẹ̀, mo padà sí ọ́fíìsì.

Mo fẹ́ lọ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára kọ́míìtì àtijọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka tí a tì pa kì í jẹ́ kí èèyàn pa ohun tó ti kọjá rẹ́, èmi ni mo sì fọwọ́ ara mi tì í. Tí mo bá fipá ṣe é, òǹtẹ̀ gbogbo ẹni tó ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ á bàjẹ́, torí kọ́míìtì kọ̀ọ̀kan so mọ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà, mo kọ gbólóhùn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà: "Efe kọ́ ló kọ ohun tó wà níbí tẹ́lẹ̀." Mo fi òǹtẹ̀ mi lù ú. Ẹ̀rí tí mo lè jẹ́ fún un nìyẹn. Ọlọ́run mọ̀ pé ó ti pẹ́ jù, ṣùgbọ́n ẹ̀ka àgbà gbà á wọlé.