Ẹ̀kúnwọ́ Kóró Òwú Ìyá Ọkọ Mi

Ẹ má bi mí bóyá èèyàn burúkú ni òyìnbó Amẹ́ríkà yẹn. Èmi ò mọ̀. Ó wá sóko wa nítòsí Datcha, ó rẹ́rìn-ín sí wa, ó jẹ iṣu wa, ó sì ba ayé mi jẹ́.

Ọ̀gá Faransé tó ń ṣàkóso Atakpamé ló fún un láyè. Oníṣòwò Yorùbá kan láti ìlú ló ń ṣe ògbufọ̀ rẹ̀. Ó ní ilé iṣẹ́ òyìnbó náà máa gbé ẹ̀rọ tó ń yọ kóró òwú wá sí Datcha, wọ́n á sì máa ra gbogbo òwú wa, àmọ́ kóró tó ti Amẹ́ríkà wá nìkan la gbọ́dọ̀ gbìn, a ò sì gbọdọ̀ gbin iṣu tàbí àgbàdo sáàárín rẹ̀. Ọkọ mi gbà á gbọ́ pátápátá. Àfi ebè iṣu díẹ̀ lẹ́yìn ilé, gbogbo oko ló fi gbin òwú. Mo bá a jà gan-an. Mo ní kí ni ọmọbìnrin mi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú máa jẹ? Ó ní owó òwú ló máa jẹ.

Ìyá ọkọ mi ò jà ní tiwọn. Nílé tí wọ́n ti wá, èèyàn kì í gbin irúgbìn àlejò lóun nìkan; á bu ẹ̀kúnwọ́ kan tilé mọ́ ọn, kí ilẹ̀ lè gbà á. Wọ́n bu kóró òwú wa àtijọ́ sínú gbogbo igbá tí a fẹ́ gbìn, wọ́n ń súre sí i. Èmi ni mo di igbá mú.

Òwú yẹn ṣe dáadáa. Ìgbà tí òyìnbó padà wá, ó ki ọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀, ó fa òwú láàárín ìka, ó tún fa òmíràn. Ọ̀kan gùn, ìkejì kúrú. Ó ní ta ló da kóró pọ̀. Ìyá ọkọ mi fi ìdùnnú dáhùn pé àwọn ni. Òyìnbó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wọ ọkọ̀, ó lọ. Kò ra nǹkan kan, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń rà á.

A jẹ iṣu ẹ̀yìn ilé tán, a jẹ iṣu igbó, a jẹ ewé. Irun ọmọ mi pọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Iṣu tuntun ò tíì jáde tó fi kú.

Ìyá ọkọ mi sọ fún mi pé, “Ìyàwó mi, ọwọ́ mi yìí ló pa á.”



Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo pàdé ògbufọ̀ yẹn lọ́jà Anié. Ojú ń tì í. Ó ní lẹ́tà ti dé láti Amẹ́ríkà kí a tó kórè: owó òwú ti já wálẹ̀ lọ́hùn-ún, kí òyìnbó náà má rà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Àwáwí tó máa ṣe fún wa ló ń wá kiri lọ́jọ́ tó wá wo òwú wa. Ì báà jẹ́ kóró tirẹ̀ nìkan la gbìn, kò ní rà á.

Mo padà sílé, mo gbé oúnjẹ fún ìyá ọkọ mi. Wọ́n tún lo ọdún mẹ́ta láyé. Mo wẹ̀ fún wọn, mo fọṣọ wọn, mo sì mọ̀ pé wọn ò jẹ̀bi. Mi ò sọ ọ́ fún wọn títí wọ́n fi kú. Inú ń bí mi, Amẹ́ríkà sì jìnnà. Ìyá ọkọ mi ló wà nílé.