Akọ Ojú-Wúrà Kan láti Òkukù

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo kúrò nílé mi ní Mọ́kọ́lá, ní Ìbàdàn, lọ́jọ́ Ajé kan. Mo gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, mo sì di àwọ̀n kékeré kan tó ní igi gígùn mú. Ní gáréèjì Ìwó Róòdù, awakọ̀ tó fẹ́ gbé wa lọ sí Òṣogbo wo àwọ̀n náà títí, ó ní, "Àǹtí, odò wo lẹ fẹ́ dà láàmú láàárọ̀ yìí?" Mo ní kòkòrò ni mo fẹ́ lọ mú, kì í ṣe ẹja. Ó ní ṣebí kòkòrò ló kún Ìbàdàn yìí, kí ló dé tí n kò mú tibí. Ẹgbàajì náírà ló gbà lọ́wọ́ mi, ó sì fi mí síwájú nítorí pé igi àwọ̀n náà kò gba ẹ̀yìn.

Kí ẹ má bàa rò pé orí mi dàrú, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tọ́jú àwọn òkú kòkòrò tí wọ́n kó sínú àpótí ní yunifásítì kan. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Nínú ọ̀kan lára àwọn àpótí náà, kòkòrò kan wà tí kò gùn ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ìyẹ́ mẹ́rin ló ní, wọ́n mọ́ gaara, iṣan wẹ́wẹ́ inú wọn sì dà bí àwọ̀n apẹja. Chrysopidae ni àwọn onímọ̀ ń pe ìdílé rẹ̀. Èdè Gíríìkì ni, ojú wúrà ni ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí pé ojú wọn máa ń tàn yinrin nígbà tí ẹ̀mí bá wà lára wọn.

Káàkiri ayé ni àwọn ojú-wúrà wà, àmọ́ tiwa yìí ní àmì pupa méjì lábẹ́ ojú, irú èyí tí ọ̀gá mi kò rí nínú ìwé kankan. Màmá ni gbogbo wa ń pe ọ̀gá mi yìí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fẹ́ kọ àpèjúwe kòkòrò náà kí ayé lè mọ̀ pé irú rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ohun méjì ni kò jẹ́. Abo ni ẹyọ kan tí a ní, bẹ́ẹ̀ ìdí akọ ni a fi ń dá irú kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn. Lẹ́yìn náà, bí kòkòrò yìí bá ti kú, àwọ̀ ewé ara rẹ̀ a ṣí, a di pupa rúsúrúsú. Màmá fúnra wọn kò rí i láàyè rí. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọn yóò fẹ̀yìn tì. Bébà kékeré tó wà lábẹ́ kòkòrò náà, "Ìkìrun" nìkan ni wọ́n kọ sí i. Màmá ní kí n lọ wá akọ kan wá, kí n sì mú un dé láàyè.

A dé Òṣogbo nígbà tí aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ mìíràn ní ẹgbẹ̀rún náírà kan, mo sì sùn débi pé obìnrin tó jókòó tì mí ló jí mi ní Ìkìrun. Ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà ni mo kọ́kọ́ wá. Ẹgbẹ̀rin náírà ni mo jẹ tí mo yó, àkàrà ibẹ̀ kò sì mu epo bíi ti àdúgbò wa. Bí mo bá béèrè ọ̀nà, ẹni tí mo bi kì í nawọ́ lásán bí a ti ń ṣe ní Ìbàdàn. Yóò dìde, yóò sìn mí dé orígun, yóò sì tún bi mí bóyá mo ti jẹun.

Wákàtí mẹ́ta ni mo fi yẹ abẹ́ ewé ọsàn wò lẹ́yìn ìlú. Mo rí ẹyin ojú-wúrà. Ìyá wọn á fa okùn kan tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun jáde láti ìdí rẹ̀ sórí ewé, okùn náà á le, á dúró ṣánṣán, orí rẹ̀ ni yóò yé ẹyin kan ṣoṣo sí. Ẹyin mẹ́wàá, okùn mẹ́wàá. Ìdí rẹ̀ ni pé èyí tó bá kọ́kọ́ pa, àwọn àbúrò rẹ̀ ni yóò fẹ́ fi ṣe oúnjẹ àárọ̀. Mo ti ka èyí nínú ìwé tipẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i tí atẹ́gùn ń mì wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu yà mí. Àgbà mẹ́rin ni mo mú níbẹ̀. Ojú gbogbo wọn mọ́ tónítóní, kò sí àmì pupa kankan.

Lọ́sàn-án, mo gun ọ̀kadà lọ sí Inísà, níbi tí ọ̀rẹ́ Màmá kan ti gbà mí lálejò. Tísà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n kọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. N kò tíì mu omi tán tí wọ́n fi pè mí lọ sídìí ilá wọn. "Wá wo pàǹtí tó ń rìn," wọ́n ní. Lóòótọ́, pàǹtí ń rìn lórí ewé. Ọmọ ojú-wúrà ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó ní ẹ̀mú méjì lẹ́nu, ó sì di ìdọ̀tí ru ẹ̀yìn kí ọ̀tá má bàa dá a mọ̀. Mẹ́ta ni a rí. Bí a bá bọ́ wọn, wọn yóò dàgbà kí oṣù tó parí, bóyá ọ̀kan á sì jẹ́ akọ.

Mo kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìgò kan, mo jẹ iyán, mo sùn. Èmi tí mo máa ń pariwo mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọọdún pé ọmọ kan, ìgò kan! Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹyọ kan ló kù. Ó ti sanra, ó sì ti fi awọ àwọn méjì yòókù kún ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀.

Tísà wo ìgò náà, wọ́n wò mí. "Ṣé ìwọ náà ni ọ̀gá rẹ ń fi yangàn fún mi lórí fóònù?"

Ojú tì mí gan-an. Mo ní, "Ẹ má bínú sà, oorun ló ń kùn mí."

"Òun jẹun, ìwọ náà jẹun," wọ́n ní, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. "Fi í sílẹ̀, n ó máa bọ́ ọ. Lọ sí Òkukù, sóko Ìyá Rónkẹ́. Kòkòrò ti bo ẹ̀wà wọn. Ibi tí oúnjẹ àwọn ojú-wúrà rẹ bá pọ̀ sí ni wàá ti rí wọn."

Mo padà sí Ìkìrun, mo wọ bọ́ọ̀sì kékeré tó gba Ìbà kọjá, ó sì tó ọ̀sán kí n tó dé Òkukù. Ìyá Rónkẹ́ á ti lé ní àádọ́rin ọdún, àmọ́ ẹsẹ̀ wọn yá ju tèmi lọ lójú ebè. Kòkòrò dúdú wẹẹrẹ ti bo ọ̀mùnú ẹ̀wà wọn lóòótọ́. Wọ́n ní, "Bí o bá fẹ́ mú ohunkóhun, tètè mú un o. Aago mẹ́rin ni Ṣàkírù ń gbé ẹ̀rọ bọ̀ wá fín oògùn sí i."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ewé kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ ewé kẹta ni mo ti rí àmì pupa méjì náà, mo sì pariwo bí ẹni tó he owó. Kí n tó sinmi, mo ti mú méje. Mo fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wo ìdí wọn níkọ̀ọ̀kan. Abo ni gbogbo wọn, ọwọ́ mi sì ti ń rùn bí ìgbẹ́, nítorí òórùn ni wọ́n fi ń gbèjà ara wọn.

Ìyá ń wò mí. "Akọ lò ń wá? Èyí tó máa ń gbọn ìdí ńkọ́?"

"Èwo nìyẹn, mà?"

"Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, ọ̀kan á dúró sára ewé àgbàdo lọ́hùn-ún, á máa gbọn ìdí rẹ̀ jìgìjìgì. Láìpẹ́ òmíràn á wá bá a. Mo ti ń wo ìyẹn látìgbà tí mo ti ń dáko níbí."

Mo ti kà á pé ewé ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn, pé gbígbọ̀n náà ni ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tó fi ojú ara rẹ̀ rí i rí. A lọ lúgọ sídìí àgbàdo. Ṣàkírù ti dé, ó ń po oògùn lẹ́bàá ọ̀nà, nígbà tí Ìyá fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó wà níbẹ̀, ó ń gbọn ìdí. Mo rọra fi ìgò bò ó. Awò kò purọ́: akọ ni.

Inú mi dùn débi pé mo dì mọ́ Ìyá. Mo sọ fún wọn pé ọmọ kòkòrò yìí gan-an ló ń jẹ àwọn kòkòrò dúdú orí ẹ̀wà wọn. Wọ́n wo ìgò ọwọ́ mi.

"Ìwọ á gbé ọ̀kan lọ, wàá lọ sọ ọ́ lórúkọ, èmi á wá pa gbogbo ará ilé rẹ̀?"

Ẹ̀wà náà kì í ṣe tèmi, inú ìwé ni mo sì ti mọ ohun tí mo sọ. Ìyá pe Ṣàkírù, wọ́n ní kó fín apá ọ̀nà nìkan, kó fi ebè mẹ́fà tó sún mọ́ àgbàdo sílẹ̀. Ṣàkírù ní, "Ìyá, ẹ ó kábàámọ̀ o." Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Bí ẹ̀wà mi bá kú, ilé rẹ ní Ìbàdàn ni n ó ti máa jẹun." Ẹ̀rù bà mí ju bí mo ṣe fi hàn lọ. Wọ́n ti pè mí láti ìgbà náà: ebè mẹ́fà náà ti ń so, díẹ̀ ló bàjẹ́ níbẹ̀.

Ilé wọn ni mo sùn. Bí ojúmọ́ ṣe mọ́, mo ya àwòrán akọ náà láti ẹ̀yìn ìgò. Pẹ́ńsùlù aláwọ̀ ewé márùn-ún ni mo gbé wá, kò sí èyí tó bá a mu, àfi ìgbà tí mo po mẹ́ta pọ̀. Ewé ẹ̀wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ló jọ. Mo bu oyin díẹ̀ sínú òwú tútù fún un, mo fi aṣọ tútù wé ìgò, mo sì gbé e sí àyà mi.

Nígbà tí ọkọ̀ Ìbàdàn tí mo wọ̀ kúrò ní Ìwó, oòrùn mú, kòkòrò mi dùbúlẹ̀, kò mira mọ́. Mo sọ fún awakọ̀ pé, "Ẹ dákun, ẹ dúró lábẹ́ igi fún mi díẹ̀. Nǹkan ń kú lọ́wọ́ mi." Àwọn èrò kùn. Awakọ̀ náà yẹ ìgò wò, kò rẹ́rìn-ín, ó já omi inú ọ̀rá tirẹ̀, ó dà á sórí aṣọ náà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ orí kòkòrò náà gbéra sókè. Obìnrin tó kùn jù ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Aago mẹ́rin ni mo wọ ọ́fíìsì Màmá, pẹ̀lú eruku lára. Mo gbé ìgò náà síwájú wọn. Mo ti fọdún mọ́kàndínlógún tọ́jú òkú kòkòrò, mo sì rò pé mo mọ̀ wọ́n. Ìrìn ọjọ́ mẹ́ta yìí kọ́ mi pé ìyá tó ń roko ẹ̀wà mọ̀ wọ́n jù mí lọ. Màmá fi awò wo ìdí akọ náà láti ara ìgò, wọ́n yí i, wọ́n tún wò ó.

"Ó yàtọ̀," wọ́n ní. "Ó yàtọ̀ pátápátá."

Mo ṣí ìgò sípírítì, nítorí pé inú rẹ̀ ló yẹ kí kòkòrò náà kú sí kí iṣẹ́ tó lè bẹ̀rẹ̀. Màmá di ọwọ́ mi mú. Omi ti lé sí ojú wọn.

"Dé e padà," wọ́n ní. "Ọ̀la la ó ṣiṣẹ́. Jẹ́ n wò ó lónìí."