Fọlárìn Káfíńtà àti Ọkọ̀ Onígbòkun

Fọlárìn káfíńtà kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, àwọn ará Ore pè é ní Kápútẹ̀nì fún oṣù mẹ́tàlá gbáko.

Ọmọ Ìkálẹ̀ ni, ọmọ inú igbó. Nǹkan méjì ló máa ń kàn jù: pósí àti àpótí. Ẹni tó bá fẹ́ àga gidi, Oǹdó ló ń lọ. Èyí ń dun Fọlárìn. Ó máa ń sọ pé, "Nínú gbogbo ẹni tí mo kan pósí fún, kò sí èyí tó padà wá kí mi kú iṣẹ́."

Ní ọdún 1959, òyìnbó kan wà ní Agbabu tó ń wọn ọ̀dà dúdú tó ń sun jáde nínú ilẹ̀ níbẹ̀. Ó wọ̀n ọ́n fún ọdún méjì, ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, ó sì múra àtilọ sílé. Ọ̀dà náà kò kúrò níbi tó wà.

Òyìnbó yìí ní ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, onígbòkun. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlá. Orí kẹ̀kẹ́ onítáyà méjì ló máa ń gbé e sí, á wá so kẹ̀kẹ́ náà mọ́ ìdí mọ́tò rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, á wọ́ ọ lọ sódò, á ta ìgbòkun, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ. Inú ọkọ̀ náà ni yóò sùn, á padà ní ọjọ́ Àìkú. Àwọn ará Agbabu ń ṣàánú rẹ̀. Wọ́n rò pé ìyàwó rẹ̀ ló ń lé e jáde nílé.

Fọlárìn ló kan àpótí mọ́kànlá tí òyìnbó náà kó ẹrù sí. Òyìnbó ní kó gba ọkọ̀ náà dípò owó iṣẹ́. Fọlárìn gbà. Pákó rẹ̀ ló wò, kò wo omi. Ó so ó mọ́ ìdí lọ́rì agbégi, wọ́n sì wọ́ ọ dé Ore. Láti ojú ilé rẹ̀ dé omi tó lè gbé ọkọ̀ náà, ó lé ní máìlì mẹ́wàá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, ó jókòó sínú rẹ̀ láti gba atẹ́gùn. Ní ọjọ́ kejì, awakọ̀ lọ́rì kan kọjá, ó ké sí i pé, "Kápútẹ̀nì!" Fọlárìn dá a lóhùn. Ìdáhùn yẹn ló kó bá a.

Láàárín oṣù kan, wọ́n ti gbé e láti ìjókòó kẹrin sí ìjókòó iwájú nínú ìjọ Aládùúrà tó ń lọ. Wòlíì ní kò yẹ kí ẹni tó láṣẹ lórí omi máa jókòó lẹ́yìn. Àwọn ènìyàn ń wá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kàsímù, àlejò tó ń dáko kòkó ní ọ̀nà Ajue, bi í pé:

"Kápútẹ̀nì, bí afẹ́fẹ́ bá ń bọ̀ láti iwájú ńkọ́?"

"A ó dúró dè é kó kọjá."

"Háà! Ìmọ̀ ńlá!"

Ẹfúnróyè, ìyàwó Fọlárìn, wà níbẹ̀. Ìlàjẹ ni. Orí omi ni wọ́n kọ́ ilé tí wọ́n bí i sí, ó sì ti ń wa ọkọ̀ kí ó tó pé ọdún méje. Ó dojú kọ apẹ̀rẹ̀ ẹja rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ni.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1960, Kánsẹ́lọ̀ Olúrótìmí wá.

"Kápútẹ̀nì, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá la ó gba òmìnira. Gbogbo ìlú ló máa yan lójú ọ̀nà. Èmi fẹ́ gba tèmi lórí omi."

"Omi wo nìyẹn, sà?"

"Odò Agbabu. Ìwọ lo máa gbé mi. A ó fi àsíá sórí òpó. O gbọ́ pé ilé ìwé tuntun ń bọ̀? Bẹ́ǹṣì ọgọ́rin ló fẹ́. Mi ò tíì dárúkọ káfíńtà kankan."

Bẹ́ǹṣì ọgọ́rin. Ènìyàn alààyè ni yóò sì jókòó lé e. Fọlárìn ní, "A ó lọ, sà."

Ṣùgbọ́n oòrùn ti pa ọkọ̀ náà fún ọdún kan. Pákó rẹ̀ ti gbẹ, ìka ń wọ àárín wọn.

"Bàbá Jésùtọ́pẹ́," ni Ẹfúnróyè wí, "ẹ rì í sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta. Pákó á wú, àlàfo á dí. Bí bàbá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Kí n ri ọkọ̀ mi lójú ayé? Kápútẹ̀nì wo ló ń ri ọkọ̀ ara rẹ̀?"

"Èyí tí kò fẹ́ kó rì fúnra rẹ̀."

Kò gbọ́. Ó gba Agbabu lọ, ó bu ọ̀dà ilẹ̀ agolo mẹ́rin, ó sè é, ó fi kun ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Àlàfo dí. Ọkọ̀ ń dán. Dídán náà wù ú, ó kun inú rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀dà ṣẹ́kù, ó kun ìjókòó. Èmi tí mo máa ń la pákó fún un fọwọ́ kàn án ní òwúrọ̀ kùtù. Ó le bí irin.

Ní ọjọ́ òmìnira, òjò rọ̀ láàárọ̀, oòrùn sì yọ ní aago mọ́kànlá. Ọkọ̀ wà létí odò, ìdí rẹ̀ ti wọ omi. Kánsẹ́lọ̀ wọ agbádá funfun, ó jókòó sínú rẹ̀ kí ayé lè rí i. Fọlárìn dúró ti òpó. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ tí Kánsẹ́lọ̀ kọ. Ìwé mẹ́fà ni, tojú tẹ̀yìn. Oòrùn náà dúró gbọ́ ọ dópin.

Àwọn ọmọ ilé ìwé wá bẹ̀rẹ̀ orin orílẹ̀-èdè. Gbogbo ènìyàn dìde. Kánsẹ́lọ̀ kò dìde.

Ọlọ́runnísọ̀lá, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kejì, wà lábẹ́ igi máńgòrò. Ó kígbe pé, "Ẹ wò ó o! Kánsẹ́lọ̀ kò lè dìde fún Nàìjíríà!"

"Fọlárìn, fà mí!" ni Kánsẹ́lọ̀ wí láàárín eyín.

Fọlárìn fà á. Agbádá nà, Kánsẹ́lọ̀ kò kúrò. Fọlárìn fẹ́ gbé ẹsẹ̀, bàtà rẹ̀ ti lẹ̀. Ó di okùn kan mú kó má baà ṣubú. Okùn ìgbòkun ni. Ìgbòkun ṣí, afẹ́fẹ́ sì gbé àwọn méjèèjì lọ sáàárín odò.

Ẹfúnróyè mú ọkọ̀ apẹja kan, ó fi àjẹ̀ wà á lé wọn.

"Ìyá Jésùtọ́pẹ́, èwo ni kí n fà?"

"Ẹ má fa nǹkan kan mọ́! Ẹ jókòó!"

"Bí mo bá jókòó, mi ò ní lè dìde!"

Ó fi ọ̀bẹ ẹja gé okùn, ìgbòkun wálẹ̀, ó sì wọ́ wọn padà sétí odò. Ọ̀bẹ yẹn kan náà ló fi tú Kánsẹ́lọ̀ sílẹ̀. Kánsẹ́lọ̀ gúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí ṣòkòtò rẹ̀ kò bá a gúnlẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìwé ẹ̀sùn ti dé Ìbàdàn pé Kánsẹ́lọ̀ Ore kọ̀ láti dìde fún òmìnira. Ó ránṣẹ́ pe Fọlárìn.

"O máa sọ níwájú káńsù pé ọ̀dà ló mú mi."

"Ṣé a kò lè sọ pé oòrùn ni, sà?"

"Oòrùn kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa, kò lè jẹ́rìí. Sọ pé o kì í ṣe kápútẹ̀nì, pé o kò mọ ohunkóhun nípa ọkọ̀."

"Bẹ́ǹṣì náà ńkọ́, sà?"

"Káfíńtà ni mo fẹ́ gbé iṣẹ́ fún. Mi ò lè gbé bẹ́ǹṣì fún kápútẹ̀nì."

Ní ọjọ́ Ẹtì, ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà ní gbọ̀ngàn káńsù. Fọlárìn dìde, ó ṣí fìlà.

"Fọlárìn lorúkọ mi. Káfíńtà ni mí. N kò wa ọkọ̀ rí kí ó tó di ọjọ́ yẹn, ọjọ́ yẹn náà, afẹ́fẹ́ ló wà á. N kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Èmi ni mo fi ọ̀dà kun ìjókòó. Kánsẹ́lọ̀ fẹ́ dìde."

Ọlọ́runnísọ̀lá bi í pé, "Ṣé o lè búra pé ó fẹ́ dìde?"

"Mo lè búra. Mo gbọ́ bí aṣọ ṣe ń ya."

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé akọ̀wé kò lè kọ̀wé mọ́. Ẹnì kan ní, "Kápútẹ̀nì, ó dìgbà o!" Ní ọjọ́ Àìkú, wòlíì rọra fi ìka júwe ìjókòó kẹrin fún un. Ọkọ̀ wà ní Agbabu. Ẹfúnróyè ti rì í fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì ń fi í kó ẹja.

Ní ọjọ́ Ajé, Fọlárìn wá bá mi níbi tí mo ti ń lagi. Kò jókòó.

"Pákó ìrókò, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà-mẹ́fà," ló wí. "Ọgọ́rin. Má la ọ̀kankan tó bá wọ́."

Mo bi í bóyá òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ ní káńsù.

"Òótọ́ ni," ló wí. "Ìgbà wo ni wàá la èyí àkọ́kọ́?"