Ọkùnrin Tó Dijú Lórí Pátákó Kétu

Ọjọ́ Jímọ̀ kan la jí tí a bá a lórí pátákó ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá Kétu: gbajúmọ̀ òṣèré tí tọmọdé tàgbà mọ̀, nínú agbádá funfun, ó dijú. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ rẹ̀. Kò sí orúkọ, kò sí nọ́ńbà fóònù, kò sí àmì ilé iṣẹ́ kankan. Òun nìkan ló wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ tóbi tó ilé alájà kan, ó sì dì pinpin.

Ní àdúgbò tí wọ́n ti ń lẹ àwòrán olóògbé mọ́ gbogbo ara ògiri, kí lẹ fẹ́ kí èèyàn rò? Kí oòrùn tó mú, ọkùnrin náà ti kú ní Kétu, ó ti kú ní Alápẹ̀rẹ̀, ìròyìn ikú rẹ̀ sì ti wọ mọ́tò lọ sí Ìkòròdú. Àwọn tó máa ń ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ fẹ́ńdọ̀ tú gbogbo ìwé ọjọ́ náà palẹ̀, wọn ò rí nǹkankan. Àìrí yẹn gan-an ló wá jẹ́ kó dá wọn lójú.

“Ẹ̀yin náà ẹ rò ó,” ni fọgaláísà ìdí afárá wí. “Ta ló ń tètè kéde ikú irú bàbá bẹ́ẹ̀? Wọ́n ṣì ń pe àwọn ọmọ tó wà ní London ni.”

Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́. Bẹ́ẹ̀ la kúkú ń ṣe é. Bí ẹni ńlá bá kú, a ó kọ́kọ́ fi pamọ́ ná, a ó ní ó rẹ̀ wọ́n díẹ̀ ni, títí gbogbo mọ̀lẹ́bí yóò fi pé. Àwọn kan ní kò kú, pé ó ti di pásítọ̀, àdúrà ló ń gbà lórí pátákó. Ìyá kan tó ń dirun ní ó fẹ́ du ipò gómìnà ni, nítorí òṣèlú nìkan ló lè rí irú pátákó bẹ́ẹ̀ gbà. Ẹnìkan bi í pé gómìnà wo ló ń dijú kí wọ́n tó dìbò fún un. Ó ní lóòótọ́, ẹ̀yìn ìbò ni wọ́n máa ń dijú.

Èmi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Anthony nígbà náà, mo sì ka ara mi mọ́ àwọn tójú wọn là. Mo sọ fún bàbá mi pé ìpolówó ọjà ni.

“Daddy, advert ni. Àwọn ilé iṣẹ́ fóònù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé yìí ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Advert kí ni? Kí ni wọ́n ń tà?”

Mi ò mọ̀.

“Ṣé ojú dídì ni wọ́n ń tà?”

Ta ni yóò gbà mí gbọ́, nígbà tí èmi náà ò lè sọ ohun tí wọ́n ń polówó?

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ká bàbá mi lára ju gbogbo ará Kétu lọ. Télọ̀ ni wọ́n, ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní ojú ọ̀nà Ìkòsí. Nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ní Ṣágámù, àwọn ló ń rán aṣọ eré fún ẹgbẹ́ òṣèré kan tó ń ti ìlú dé ìlú, ọkùnrin orí pátákó yìí sì ni ọ̀rẹ́ wọn jù lọ nínú ẹgbẹ́ náà. Kò tíì di nǹkankan nígbà yẹn. Ilé ìyá bàbá mi ló ń sùn. Ìkọ́kọrẹ́ ìyá àgbà ló ń jẹ, “Ìyá mi” ló sì ń pè wọ́n, àfi bí ẹni pé inú wọn ló ti jáde.

Ẹ̀yìn náà ló di olókìkí. Ó ra mọ́tò, ó kọ́lé sí Anthony. Nígbà tí ìyá àgbà kú, bàbá mi ránṣẹ́ sí i. Wọ́n fi àga kan sílẹ̀ dè é níbi ìsìnkú, ní iwájú pátápátá, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí i. Àga náà ṣófo títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò wá, kò rán ẹnikẹ́ni wá, kò sì yọjú láti kí wọn lẹ́yìn ìgbà náà.

Bàbá mi lè gbàgbé ẹni tó bú wọn. Wọ́n tilẹ̀ dárí ji oníbàárà kan tó gbé aṣọ lọ tí kò padà wá mọ́. Àga yẹn ni wọn ò lè gbàgbé. Láti ìgbà náà, wọn ò pe orúkọ ọ̀rẹ́ wọn mọ́. Bó bá yọjú lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á dìde lọ pa á. Ilé aládùúgbò làwa ọmọ ti máa ń lọ wo eré rẹ̀. A ó rẹ́rìn-ín tán níbẹ̀, a ó sì tún ojú ṣe kí a tó wọlé.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù níwájú àwòrán ìyá àgbà tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri, wọ́n ń gé gínì funfun. Téèpù wà lọ́rùn wọn, wọn ò fi wọn nǹkankan. Àwọn tó fẹ́ gba aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ń wá, wọ́n ń bínú lọ. Ìyá akọrin kan sọ̀rọ̀ sí wọn burúkú-burúkú. Wọn ò gbójú sókè.

“Daddy, ta ló ni agbádá yìí?”

“Òun náà ni. Èmi ni mo mọ ara rẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ fi aṣọ tí télọ̀ míì rán sin ín.”

Màmá mi tó jókòó sídìí aṣọ tí wọ́n ń rán bọ́tìnnì mọ́ ní, “Ẹ̀yin tí ẹ ò kí i láàyè?”

“Ó ti kú,” ni bàbá mi wí. “Ta ni mo tún fẹ́ máa bínú sí?”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọnú. Mo wo ojú wọn bóyá wọ́n máa sunkún, mi ò rí omi kankan. Wọn ò sunkún nígbà òkú ìyá wọn náà. Ìbínú àga òfìfo yẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n ráyè.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí pásítọ̀ wa ti gbàdúrà fún ẹbí olóògbé, àwa mẹ́ta wọ mọ́tò lọ sí Anthony. A bá àwọn èèyàn lẹ́nu géètì ilé náà, wọ́n ń bi mẹ́gàdí léèrè bóyá òótọ́ ni.

“Oga dey inside,” ni mẹ́gàdí ń wí. “E no dey see anybody.”

Màmá mi bú sẹ́kún, nítorí ohun tí wọ́n máa ń wí nìyẹn bí wọ́n bá ń fi òkú pamọ́. Àwọn tó kù mi orí, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi na ọ̀rá aṣọ sí mẹ́gàdí, wọ́n ní télọ̀ ọ̀gá rẹ̀ làwọn, aṣọ rẹ̀ làwọn gbé wá. Ó ṣílẹ̀kùn fún wa.

Bàbá mi kan ilẹ̀kùn ilé. Bó ṣe ṣí, bàbá mi ti ṣí fìlà, wọ́n ti dorí kodò, wọn ò wo ẹni tó ṣí i.

“Ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ọlọ́run á tu gbogbo ilé nínú.”

“Ta ló kú?” ni ohùn kan bi wọ́n.

Bàbá mi gbójú sókè díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin orí pátákó ló dúró níbẹ̀, nínú síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé, rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìwọ ni,” ni bàbá mi wí.

Kí n tó yíjú, màmá mi ti sá dé géètì.

Bàbá mi jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ọ̀rẹ́ wọn jókòó tì wọ́n. Bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Kí ló dé tí o dijú?”

“Wọ́n ní kí n dijú ni. Ilé iṣẹ́ fóònù kan ni. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì gbọdọ̀ jáde nílé títí pátákó kejì yóò fi jáde.”

“Kí ló máa wà lórí ìyẹn?”

“Màá lajú.”

“Wọn ò rò ó pé àwọn èèyàn á ní o ti kú?”

“Wọ́n ní àwọn èèyàn á máa béèrè ohun tí mò ń rò ni.”

“Wọn ò béèrè. Wọ́n ti sin ọ́.”

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò jáde. Ó ní láti ọjọ́ Jímọ̀ lòun ti ń yọjú láti ojú fèrèsé, tí òun ń wo àwọn tó ń dé géètì tí wọ́n ń padà. Ó ní kò sí ẹni tó wọlé àfi àwa. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó dáadáa: ọrùn rẹ̀ ti rí tín-ínrín, egungun èjìká rẹ̀ ti yọ. Mo bi í nípa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó kún lórí pátákó.

“Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi kún un, ọmọ mi. Àtọ̀gbẹ ti jẹ tèmi.”

Ó ti ọwọ́ bọ inú ọ̀rá, ó yọ agbádá náà, ó gbé e wọ̀. Màmá mi ké láti ẹnu géètì pé kó bọ́ ọ, pé aṣọ òkú ni. Agbádá náà gbé e mì. Bàbá mi fa èjìká rẹ̀, wọ́n fa ìgbáyà, wọ́n sì dúró báyẹn, aṣọ lọ́wọ́. Ara tí wọ́n rántí ni wọ́n rán aṣọ fún, ara yẹn ò sí mọ́.

“Ọ̀rọ̀ Ìyá wa...” ni ọ̀rẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀.

“Má sọ ọ́ níbí.” Bàbá mi bọ́ agbádá náà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n ká a padà sínú ọ̀rá. “Ó yẹ kí n wọ̀n ọ́ kí n tó dín in kù, mi ò sì mú téèpù wá. Bó o bá fẹ́ aṣọ rẹ, o mọ Ìkòsí.”

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, pátákó kejì jáde. Ó lajú, ó fi fóònù sétí, ó ń rẹ́rìn-ín, orúkọ ilé iṣẹ́ náà sì wà lábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà. Kétu gbaná. Àwọn tó ti sunkún ní ó fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ń ju ọ̀rá omi lu ojú rẹ̀, wọ́n ń ṣépè pé ó ń fi ikú ṣeré nítorí owó. Mo bínú sí àwọn ọlọ́fíìsì tó gbé ìpolówó náà kalẹ̀, nítorí ó hàn pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tíì wo ògiri Kétu rí. Mi ò lè bínú sí àwọn tó ń ju omi. Bí wọn ò bá fẹ́ràn ọkùnrin náà, wọn ò ní sunkún rẹ̀.

Bàbá mi gbé agbádá náà kọ́ sábẹ́ àwòrán ìyá àgbà. Bí mọ́tò bá dúró níta, wọ́n á gbójú sókè. Màmá mi ní kí wọ́n fojú díwọ̀n rẹ̀, kí wọ́n dín in kù, kí wọ́n gbé e lọ fún un.

“Rárá. Ó mọ ọ̀nà.”

Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ bàbá mi. Bí ọ̀rẹ́ wọn ò bá wá lẹ́ẹ̀kejì yìí, ó parí nìyẹn, ì báà kú, ì báà yè.

Ọ̀sán ọjọ́ kan la gbọ́ ariwo lójú ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ni ọ̀rẹ́ wọn fi rìn wá láti ìdí afárá, èrò sì ń tẹ̀ lé e.

“Òkú ti jí o!”

“Bàbá, ẹ dá ẹkún wa padà!” ni fọgaláísà ń pariwo.

Ó ń kí gbogbo wọn, ó ń bẹ̀ wọ́n, títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà wa. Kò wo agbádá tó wà lára ògiri. Ó ṣí fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọlọjọ níwájú àwòrán ìyá àgbà, lórí èéfọ́ ṣọ́ọ̀kì àti àjákù aṣọ. Ariwo ìta dákẹ́.

“Ìyá mi, ẹ má bínú.” Lẹ́yìn náà ló yíjú sí bàbá mi láti ilẹ̀. “Kú ará fẹ́ra kù, ọ̀rẹ́ mi. Òde eré ni mo wà, ìgbà tí mo fi gbọ́, ẹ ti sin wọ́n tán. Ojú tì mí láti wá. Bí ọdún ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ lojú túbọ̀ ń tì mí.”

Bàbá mi lọ gbé àga oníbàárà, wọ́n gbé e síwájú àwòrán náà, wọ́n fi ọwọ́ gbá eruku orí àga náà kúrò.

“Jókòó.”

Ó jókòó. Ìgbà náà ni bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún ìyá wọn. Wọ́n sun ún sókè, lójú gbogbo èrò, ọ̀rẹ́ wọn sì di ọwọ́ wọn mú. Nígbà tó ṣe, wọ́n nu ojú, wọ́n fa téèpù kúrò lọ́rùn, wọ́n ní kó dìde kó na apá.